Ọkọ̀ Tó Ń Gbé Bàbá Mi Lọ sí Bingerville

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní ọjà Treichville ní Abidjan ló mọ̀ pé mi ò ní sùúrù. Abọ́ ni mò ń tà, abọ́ onírin àti abọ́ tánńganran. Oníbàárà tó bá ná abọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ mi, kó tó ná an lẹ́ẹ̀kẹrin, mo ti ń dá abọ́ mi padà sáyè rẹ̀. Bàbá mi a máa ní inú oyún ni mo ti ń kánjú bọ̀, pé wọn ò tíì ra aṣọ tí wọ́n máa fi pọ̀n mí tí mo fi dé. Nítorí náà, tí mo bá sọ fún yín pé ọjọ́ méjìlá gbáko ni mo fi lé agolo irin kan tí kò gùn tó apá mi kiri Abidjan, kí ẹ yáa gbà pé ohun tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ọkọ̀ mi ti dàgbà. Ó ti sin àwọn òyìnbó tó ni ín kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté, àwa náà sì ti lò ó fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ yòókù, ẹrù ọjà ni mo fi ń kó, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, bàbá mi ló ni ín. Gbogbo Ọjọ́rú ni mo ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Bingerville nítorí àyà wọn. Nígbà tí ọjà aṣọ wọn dẹnu kọlẹ̀, ogún ọdún ni wọ́n fi ru àpò símẹ́ńtì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Vridi, eruku yẹn ò sì kúrò lára wọn mọ́. Wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Orí àga ni wọ́n ń sùn, tí èèyàn bá lè pe ìyẹn ní oorun: wọ́n á tòògbé díẹ̀, ikọ́ á jí wọn, wọ́n á tún tòògbé. Ní Bingerville, àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi ẹ̀rọ fẹ́ oògùn sí wọn nímú, wọ́n á sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa mí. Tí wọ́n bá ti lọ, wọ́n á gbádùn fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Tí wọn ò bá lọ, láti ẹnu géètì ni ẹ ó ti máa gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń súfèé.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a ò wọ takisí. A ti wọ̀ ọ́ rí. Lọ́jọ́ yẹn, awakọ̀ tan sìgá, mo ní kó pa á, ó ní ọkọ̀ òun ni. Èéfín ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú tún ń gba ojú fèrèsé wọlé. A ò tíì dé Riviera tí ètè bàbá mi ti ń dúdú, tí mo sì ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin títì, tí mò ń lu bọ́ńnẹ́ẹ̀tì pé kó ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé ọkọ̀ tèmi nìkan ni yóò máa gbé wọn.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àbúrò bàbá mi obìnrin kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn méjì péré ló kù lọ́mọ ìyá wọn. Bàbá mi fẹ́ lọ, àyà wọn ò gbà fún wọn, mo bá ní èmi yóò lọ dúró fún wọn. Mo gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì mi kó tún un ṣe fún ìrìn àjò, èmi àti èrò mẹ́ta sì gbéra. A la Gánà kọjá, a la Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, a lọ, a bọ̀, táyà kan ò sì jò. Ní ọ̀sán Sátidé tí mo padà dé, oòrùn gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé fi kan ara ọkọ̀. Bàbá mi ti ń dúró dè mí ní ẹnu géètì, garawa omi kan wà lẹ́bàá wọn.

Nílé wa, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé kì í ṣàdédé wọlé. Omi tútù la fi ń pàdé rẹ̀. Bàbá mi ò kà á sí ẹ̀sìn. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í sì í fi ìrun wọn ṣeré. Wọ́n ní bí bàbá tiwọn ṣe ń ṣe fún àwọn tó bá fẹsẹ̀ rin ìrìn àjò oníṣòwò dé nìyẹn: wọ́n á da omi sí wọn lẹ́sẹ̀, kí ooru ọ̀nà lè kúrò lára wọn. Nígbà tí àwọn èèyàn ò fẹsẹ̀ rìn mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da á sí táyà. Ife omi kan ló máa ń jẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, garawa kan ni, ó kún dẹ́nu, bàbá mi tí wọn ò lè gbé kẹ́tùlù nílẹ̀ láti oṣù mélòó kan ni wọ́n sì fúnra wọn gbé e láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n da ìdajì sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ju ìyókù sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ní kí abẹ́ rẹ̀ náà tutù, pé ó ti bá àwọn dé ojú oórì àbúrò àwọn. Omi náà hó ṣàà, ooru funfun bo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ sínú omi yẹn mo kí wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń mi agolo tí òkúta wà nínú rẹ̀ ló ń dún, lábẹ́ ìdí mi gan-an. Mo ní bóyá òkúta ọ̀nà ni, á já bọ́. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, òórùn ti ń wọnú ọkọ̀, òórùn kan tó ń ta èèyàn ní ọ̀fun. A gun bíríìjì kọjá ọ̀sà. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lódì kejì, ọkọ̀ ò lágbára mọ́. Mo tẹ iná mọ́lẹ̀ títí, kò lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, èéfín ń wọlé, bàbá mi yọ orí síta láti ojú fèrèsé, wọ́n ń wúkọ́ débi pé fìlà wọn já bọ́ sí títì. A ò dúró gbé e. Nígbà tí a dé Bingerville, nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ẹnìkan ń mu sìgá nílé wa. Ìlọ́po méjì àkókò tí wọ́n máa ń lò lórí ẹ̀rọ ni wọ́n lò lọ́jọ́ yẹn, àyà wọn ò sì tún já gaara.

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo lọ bá mẹkáníìkì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọdún mẹ́fà rèé tó dé Abidjan, ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ mọ ìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ta ni mo gbé ọkọ̀ fún kí n tó lọ Ògbómọ̀ṣọ́, àbí kì í ṣe òun? Mo bú u ní Yorùbá, nígbà tí mo rí i pé àwọn ará Abidjan tó wà níbẹ̀ ò gbọ́, mo tún un bú ní Faransé. Mo ní tí nǹkan kan bá ṣe bàbá mi, kò níí gbé ìlú yìí mọ́.  Ó gbé ọkọ̀ sókè pẹ̀lú jáàkì, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó fi òòlù onírọ́bà gbá nǹkan kan níbẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́, agolo yẹn sì tún dún.

Ó ní kàtàlísọ̀ ni. Ó fi hàn mí: agolo irin kan tó wà lójú ọ̀nà èéfín, láàrin ẹ́ńjìnnì àti ẹnu sàlẹ́ńsà. Nǹkan kan tó dà bí afárá oyin ló wà nínú rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ ni gbogbo ara rẹ̀. Èéfín á gba inú ihò náà, májèlé inú rẹ̀ á dínkù kó tó jáde. Afárá yẹn ti fọ́. Ẹ̀rúnrún rẹ̀ ń yí kiri, ó sì ń dí ọ̀nà, èéfín tí kò wá rí ọ̀nà lọ ń gba ojú ìsopọ̀ irin jáde sí abẹ́ wa. Mo ní ó dáa, kí ni ṣíṣe. Ó ní kò le rárá. Gbogbo Abidjan ló mọ ohun tí à ń ṣe: a ó la agolo náà, a ó kó afárá inú rẹ̀ dànù, a ó jó o padà ní òfìfo. Ariwo á dákẹ́, ọkọ̀ á máa sáré bí ọmọdé, àwọn tó ń ra afárá náà nítorí irin iyebíye tó wà lára rẹ̀ á sì tún fún mi lówó díẹ̀.

Mo bi í pé èéfín ńkọ́. Ó ní èéfín á máa jáde bó ṣe ń ti inú ẹ́ńjìnnì bọ̀. Mo ní ṣé á máa rùn. Ó ní díẹ̀, pé àwọn èèyàn kì í kà á sí. Mo ní bàbá mi ni yóò kà á sí, nítorí náà, kò níí ṣẹlẹ̀. Ó sọ iye tí tuntun ń lọ, mo sì rí i pé tí mo bá ta ìdajì ṣọ́ọ̀bù mi, bóyá ni owó náà á pé. Ó wá ní ọ̀nà kẹta wà, ṣùgbọ́n ó le: kí a wá àlòkù tí afárá rẹ̀ ṣì pé, kí a gé tiwa, kí a ki ti àlòkù bọ̀ ọ́, kí a jó o pa. Ó ní ṣùgbọ́n èèyàn kì í rí i, torí pé àwọn tó ń ra afárá ti gbọ́n gbogbo rẹ̀ tán. Mo fi àáké kọ́rí. Mo ní kó máa pọ́n ayùn rẹ̀ sílẹ̀, èmi yóò rí i.

Àwọn ará ọjà ní mo ya wèrè. Láti Jímọ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo ń wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù ní ọ̀nà Abobo. Mẹkáníìkì ti kọ́ mi ní ohun tí màá ṣe: kí n gbé agolo mì, kí n gbọ́ bóyá ó ń dún, kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú kan, kí n yojú wò ó láti ojú kejì. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láti inú gbogbo ihò, ó dára. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá gbé ọ̀kan fún mi tó wúwo, kò dún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, òkùnkùn birimù. Mo fi irin tọ́ ọ, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n rún sínú rẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́. Háà. Símẹ́ńtì yìí náà, tó ti jẹ àyà bàbá mi tán. Ohun tí mo sọ fún ọkùnrin yẹn kò ṣeé kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ìsọ̀ kejì jáde wá wò wá.

Mo lọ ní Jímọ̀, mo lọ ní Sátidé, mo lọ ní Mọ́ńdè àti Túsìdeè. Ọwọ́ mi dúdú, bàtà mi méjèèjì ya. Èyí tí mo rí, òfìfo ni, tàbí kó jẹ́ pé ọ́ìlì ti dí i pa. Ní Ọjọ́rú, mo tún ní láti gbé bàbá mi lọ sí Bingerville nínú takisí. Mo háyà odindi ọkọ̀ fún àwa méjì, mo kìlọ̀ fún awakọ̀ nípa sìgá kó tó wọlé sídìí sítíárìn, síbẹ̀ wọ́n wúkọ́ débẹ̀, wọ́n wúkọ́ padà. Nígbà tí a dé ilé, wọ́n di ògiri mú, wọ́n ní kí n má ṣe dààmú mọ́ lórí ọkọ̀ yẹn, pé ọjọ́ orí àwọn ti tó. Inú bí mi sí wọn. Mo ní ta ló bi wọ́n ní ọjọ́ orí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà sí Abobo. Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ ẹ̀yà Júlà ni, ó jókòó lórí ìjókòó ọkọ̀ tí wọ́n yọ, ó ń mu tíì. Mo kí i ní èdè rẹ̀ bí a ṣe ń kí wọn ní ọjà, ó jẹ́ mi, mo sọ ohun tí mò ń wá, ó sì bi mí ní Faransé pé kí ló dé tí tántì, ìyẹn àǹtí, ò sọ pé kí wọ́n kó afárá náà dànù bíi ti gbogbo ayé. Mi ò ní agbára ìbínú mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó tì í, mo sọ fún un nípa àyà bàbá mi. Ó mu tíì rẹ̀ tán. Ó ní òun náà ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń mí bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ó dìde, ó wọ inú ìsọ̀ lọ, ó gbé ọ̀kan jáde tó ṣì wà lára irin rẹ̀ láti ara ọkọ̀ tí wọ́n kọ lù láti ẹ̀yìn. Ó ní òun ò tíì fi han àwọn tó ń ra afárá. Mo mì í, kò dún. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ìmọ́lẹ̀ yọ láti ojú kejì bí ìgbà tí èèyàn bá gbé asẹ́ sókè sí oòrùn. Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò tì mí.

Mo gbé e lọ tààrà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Òun àti wẹ́dà tó ń bá a jó irin tú tiwa sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ gé e lójú méjèèjì, wọ́n sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí páálí. Mo ṣì ń bá ìbínú mi lọ lórí mẹkáníìkì. Mo ní kí gbogbo wọn wò ó, kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.  Ó mú ẹ̀rúnrún ńlá kan, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó bi mí bóyá mo wa ọkọ̀ náà wọ inú àgbàrá nígbà tó gbóná. Mo ní òjò ò rọ̀ lọ́nà.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú o. Kì í ṣe epo ló ba èyí jẹ́, kì í sì í ṣe ọwọ́ mi. Amọ̀ tí wọ́n sun ni, bíi tánńganran tí ẹ̀ ń tà. Ó gbóná, wọ́n wá da omi tútù lé e.”

Mo gba ẹ̀rúnrún náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ta tánńganran fún ogún ọdún ó lé. Mo mọ èyí tó já bọ́, mo mọ èyí tí wọ́n gbá mọ́ nǹkan, mo sì mọ èyí tí ẹnìkan sọ̀ kúrò lórí iná tó da omi tútù sí. Èyí tó já bọ́ máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ láti ojú kan. Èyí tí omi tútù pa máa ń là gbọọrọ, ojú ibi tó ti là á sì mọ́. Kò sí oníbàárà tí mi ò kìlọ̀ èyí fún. Mo rí garawa, mo rí ooru funfun tó bo ẹsẹ̀ bàbá mi, mo sì gbọ́ ẹ̀rín wọn.  Mo sọ fún mẹkáníìkì pé kó má bínú, pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, pé bí mo ṣe bú òun ní èdè méjì yẹn, Faransé òun ti dára sí i.

Mo bi í pé tí omi bá tún kàn án ńkọ́. Ó ní kò sí ohun tí omi lè ṣe fún un tí ó bá ti tutù, pé kí a fún un ní wákàtí kan lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dúró. Àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n yọ afárá ti àlòkù jáde láìfọ́, wọ́n fi aṣọ eléérú kan tó nípọn, tí iná kì í jó, wé e, kó má baà máa mì, wọ́n tì í bọ inú agolo wa, wọ́n sì jó o pa. Wẹ́dà ní ó ti parí. Mo ní kò parí. Mo ní kí wọ́n tan ọkọ̀, kí wọ́n fi àkísà dí ẹnu sàlẹ́ńsà, mo sì dẹ etí sábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń ṣe sìì níbi ojú jíjó. Wọ́n tú u, wọ́n tún un jó. Ó tún ṣe sìì, ṣùgbọ́n ó ti kéré. Wẹ́dà ń kùn pé òun ò rí irú obìnrin yìí rí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kò dún mọ́. Mo lóṣòó sẹ́yìn ọkọ̀ mi, mo gbé imú sí ẹnu sàlẹ́ńsà, mo fa èémí bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Òórùn tí ń ta ọ̀fun yẹn ti lọ.

Mo ti pinnu lójú ọ̀nà pé bàbá mi ò níí gbọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi gbígbọ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó lọ fún ọjọ́ méjìlá, arìnrìn-àjò ni lójú tiwọn. Bí mo ṣe yà sí ẹnu géètì, mo rí wọn, wọ́n dúró, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di garawa mú. Mo pa iná ọkọ̀. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní, “Bàbá, ẹ má da omi yẹn. Omi yín ló ba ọkọ̀ jẹ́.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo fẹ́ kó o padà. Wọ́n gbé garawa sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n bi mí bóyá ti ọjọ́ Sátidé ọjọ́ sí ni mò ń sọ. Mi ò lè parọ́ mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yí padà, wọ́n wọlé, wọn ò sì jẹun alẹ́.

Láàárọ̀ Túsìdeè, wọ́n pè mí. Orí àga wọn ni wọ́n jókòó sí.

Wọ́n ní, “Ìyá mi, ọ̀sẹ̀ méjì ni o fi ń bú ọmọ ọlọ́mọ nílé yìí, tí mò ń bá ọ ṣe àmín. Èmi ni. Má gbé mi lọ sí Bingerville mọ́. Mo ti di ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́.”

Mo mọ bàbá mi. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lọ, àwọn nọ́ọ̀sì ni yóò kúkú wá bá wọn nílé. Mo fẹ́ bínú, ó kọ̀ láti wá. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹnu mi á tún bà á jẹ́ sí i. Mo mú kọ́kọ́rọ́. Mo wa ọkọ̀ jáde, mo yí gbogbo Treichville po lẹ́ẹ̀mejì, mo wà á padà wá sí ẹnu géètì, ó gbóná gan-an. Mo gbé àga méjì síta. Mo pọn omi kún garawa, mo gbé e sí iwájú àga kan, mo sì wọlé lọ di bàbá mi lápá mú wá síta. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ní ọkọ̀ náà ti ìrìn àjò dé, ẹnìkan ò sì tíì fi omi pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n a ó jẹ́ kó sinmi ná.

Wọ́n jókòó. Èmi náà jókòó. Ẹni bíi tèmi, kí n jókòó fún odindi wákàtí kan kí n má ṣe nǹkan kan. Àwọn aládùúgbò ń kọjá, wọ́n ń kí wa, wọ́n ń wo garawa. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo fọwọ́ kan abẹ́ ọkọ̀, ó jó mi níka, mo ní kò tíì yá.  Ní ìgbà kejì, bàbá mi ní ṣé mi ò fara pa. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa àbúrò wọn tó kú, bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń sáré gbé omi jáde nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ohùn bàbá wọn lójú ọ̀nà, àti bí àbúrò náà ṣe máa ń borí. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Nígbà tí mo tún fọwọ́ kan abẹ́ ọkọ̀, ó tutù. Wọ́n dìde, mo bá wọn ti ìdí garawa sókè, wọ́n da omi sí táyà, wọ́n sì da ìyókù sábẹ́. Kò hó. Wọ́n gbé fìlà wọn gún, wọ́n bi mí pé aago mélòó la máa jáde lọ́la.

Ní Ọjọ́rú yẹn, mo gbé gíláàsì fèrèsé sókè, a sì gun bíríìjì. Etí mi wà nílẹ̀, imú mi wà lójúfò. Kò sí ariwo, kò sí òórùn. A gun òkè lódì kejì, ọkọ̀ ń lọ. A kọjá Riviera, mo ṣàkíyèsí pé mi ò tíì gbọ́ ikọ́ kankan, mo sì sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe dákẹ́. Wọn ò dá mi lóhùn.  Mo yíjú. Wọ́n ti sùn. Orí wọn wà lára ìjókòó, ẹnu wọn là díẹ̀, àyà wọn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀, láìsúfèé.

Mo wà á jẹ́jẹ́ dé Bingerville. Mo gúnlẹ̀ sábẹ́ igi kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn, mo pa iná ọkọ̀, wọn ò jí. Mo sọ̀kalẹ̀, mi ò pa ilẹ̀kùn dé kó má baà dún, mo lọ bá nọ́ọ̀sì pé kí ó jẹ́ kí àwọn ẹlòmíì máa kọjá. Ó ní tí wọ́n bá ti fo nọ́ńbà wa, àwa ló máa kẹ́yìn gbogbo èrò. Mo ní kí a kẹ́yìn. Mo padà sínú ọkọ̀, mo gbé ọwọ́ lé itan, mo jókòó. Wọ́n pe nọ́ńbà wa, wọ́n pe ti àwọn tó wà lẹ́yìn wa, oòrùn kúrò ní iwájú ọkọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, mi ò sì kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi lajú, wọ́n wo ìta, wọ́n bi mí bóyá ó ti pẹ́ tí a dé.

Mo ní rárá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni.